Risíìtì Owó Orí Lẹ́nu Géètì

Èkìtì kò tíì dá dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún wa, àwọn sójà sì ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lónìí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ kí ìjọba máa fi owó orí tọ́jú gbogbo aláìsàn orílẹ̀-èdè yìí, ẹ ṣeun. Ẹ jókòó dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. A ti sọ ọ́ rí, a tilẹ̀ ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ojú wa náà ló sì ṣe nígbà tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí nílé ìwòsàn ìjọba kan láàárín àwọn òkè agbègbè Ẹfọ̀n-Aláayè. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ọmọ àwọn tó ṣe é ń bẹ láyé, àwọn ọmọ kò sì ṣẹ̀ mí. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní ẹ̀ka tiwa. Ẹnu mi mú nígbà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣì mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kó tó bàjẹ́. Láyé ìjọba alágbádá, ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó ṣáà gbé ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ ń wá láti Ìdó-Ilé, àwọn aboyún ń wá láti abúlé ẹ̀yìn Àrámọkọ, a ń gbà wọ́n. Oògùn máa ń tán, nígbà mìíràn obìnrin méjì á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé èló ló mú wá. Àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀fẹ́. Mo máa ń bá wọn jà sí i. Mo máa ń ní, "Ọ̀fẹ́ ta ni? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ san án nígbà tí ara yín le." Àáró ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀: lónìí gbogbo wa á bá ọ ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro tèmi. Owó orí ẹni tó ń rìn la fi ń ra abẹ́rẹ́ fún ẹni tó dùbúlẹ̀, ẹni tó sì ń rìn lónìí lè dùbúlẹ̀ lọ́la.

Nígbà tí àwọn sójà dé, wọ́n ní àpò ìjọba ti gbẹ. A ń retí pé wọ́n á ní ká máa gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, a sì ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò gba ibẹ̀ yọ sí wa. Ìwé àṣẹ kan péré ló dé, ó rọra dé bí ìkúùkù tí í bo òkè wa láàárọ̀. Ó ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣì wà o, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Àmọ́ ẹni tó bá ní risíìtì owó orí ọdún náà, tí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa gan-an já fún un, tàbí fún ọkọ rẹ̀, tàbí fún bàbá rẹ̀, òun nìkan ni kí a máa tọ́jú. Àwọn yòókù, kí wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń san tiwọn.

Mátírónì wa kà á sókè tán, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tó dá owó ni yóò jẹ nínú rẹ̀."

Mo ní, "Mà, ìwé yìí máa pa èèyàn."

"Ìwọ náà! Gbogbo nǹkan ni ikú lójú rẹ."

Ẹ ò lè mọ ohun tó bà mí lẹ́rù àfi tí ẹ bá mọ àṣà kan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ Yorùbá kì í san owó orí níbi tí wọ́n ń gbé. Ilé bàbá wọn ni wọ́n ti ń san án. Ìlú wa kún fún àwọn tó wá láti ìlú Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun: télọ̀, awakọ̀, jórinjórin, oníṣòwò aṣọ. Àwọn mìíràn ti pẹ́ débi pé ọmọ wọn ń sọ èdè Èkìtì ju ọmọ onílé lọ. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á lọ sílé lọ san owó orí lọ́wọ́ baálé agboolé wọn, wọ́n á padà wá. Ẹni tí kò bá san án nílé, wọ́n gbà pé ó ti sọnù. Bó bá kú, wọ́n á máa bèèrè pé òkú ta ni wọ́n gbé dé yìí. Àwọn ọmọ tiwa tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì ń yìn wọ́n pé wọ́n rántí ilé. Ẹni tó kọ ìwé àṣẹ yẹn mọ̀ wá dunjú. Ó mọ ibi tí ara wa ti là.

Wọ́n pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú. Mo lọ síbẹ̀ láti sọ pé kí ìlú kọ òfin náà. Àṣé ìlú ti gbà á. Alága ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Àgbà, ló dìde. Ó kọ́ èmi fúnra mi ní ABD. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn àlejò ti ń gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọmọ onílé lọ́wọ́ tipẹ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àáró ni ọ̀rọ̀ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, o ṣe dáadáa tó o dárúkọ àáró. Ẹni tí kò wá sóko mi, ṣé mo máa lọ sí tirẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Mo ní, "Wọ́n wá sóko yín, sà! Ta ló jórin sí ìlẹ̀kùn ilé yín? Ta ló ń gbé kòkó yín lọ? Gbogbo epo mọ́tò tí wọ́n rà, gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n gbà lọ́jà, ìjọba ti gba tirẹ̀ níbẹ̀. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ jẹ́ ká jọ dá a padà kó tó kàn wá."

"Jókòó," ni Tíṣà Àgbà wí, kò tilẹ̀ pariwo. Mo jókòó. Nígbà tí mo ń lọ sílé, àwọn tí mo gbẹ̀bí ọmọ wọn ń yà fún mi lọ́nà, wọn ò kí mi.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó le. Ọyẹ́ orí òkè ni, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ń wọnú eegun. Ẹni kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: Sìdí, ọmọbìnrin kékeré kan tó ní arómọléegun. Bí òtútù bá ti mú un, eegun rẹ̀ á máa ro ó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, bí a kò bá tètè fa omi sí i lára, kí a fún un ní ẹ̀jẹ̀, ó lè lọ. Ó ti mọ wọ́ọ̀dù wa bí ẹni mọ ilé. Ó máa ń bá mi ká báńdéèjì. Bí mo bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi tán ná." Jórinjórin ni bàbá rẹ̀, ará ìlú kan lápá Ọ̀ṣun, èyí tó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Òun ló ń jó gbogbo bẹ́ẹ̀dì wa tó bá kán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Bàbá Sìdí gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ojú ọmọ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí osùn, ó ń kérora. Gáàdì ò ṣílẹ̀kùn.

"Risíìtì mi nìyí," ni Bàbá Sìdí ń wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo san án! Íǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ!"

Gáàdì wò ó. "Ti Ọ̀yọ́ lèyí, bàbá. Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́."

"Ọmọ yìí á ha dé Ọ̀yọ́?"

Mo ti gáàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gba ọmọ. Mo ní kó lọ fi ẹjọ́ mi sùn. Ó lọ fẹjọ́ mi sùn lóòótọ́. Sìdí sùn sí wọ́ọ̀dù wa, ara rẹ̀ yá, àmọ́ mátírónì pè mí, ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé mi lọ sí etíkun, níbi tí mi ò ní í mọ ẹnì kankan. Ó sì wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa rẹ, o. Kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ ìlera ló ń bèèrè." Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ti ń jókòó sí ìdí igi ọ̀gànwó tó kọjú sí ilé mi. Kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń jókòó.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ọyẹ́ ṣì pọ̀ níwájú, Sìdí á tún wá. Ẹgbẹ́ wa ṣèpàdé. Mo dá a lábàá pé kí gbogbo onílé tó bá fẹ́ tiwa mú risíìtì rẹ̀ wá sẹ́nu géètì, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú báàfù kan, kó di risíìtì gbogbo ìlú. Ẹni tó bá dé, onílé tàbí àlejò, kí gáàdì wo inú báàfù. Àwọn ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́sẹ̀, onílé tí Bàbá Sìdí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú ti ọkọ rẹ̀ wá. Ó ju ú sínú báàfù, ó ní, "Ulé mi lọmọ yẹn ń gbé. Ọmọ ulé mi ni." Òun náà ló lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí ọjọ́ tí a dá fún ìfẹ̀hónúhàn lẹ́nu géètì pé, báàfù kún dẹ́múdẹ́mú. Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn tí ò kí mi lọ́nà náà mú tiwọn wá.

Ọlọ́pàá ti dúró síbẹ̀ kí a tó dé. Tíṣà Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá wọn, ó ń sọ fún un pé àlejò ni gbogbo wa, pé ìlú ò mọ̀ sí i. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Àwa mú tiwa wá. Tiyín dà?"

"Tèmi kẹ̀? Mo ti fẹ̀yìntì. Ìjọba kì í gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì."

"Háà! Ẹ̀yin náà ò wá ní in nìyẹn?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ojú Tíṣà lọ sí géètì, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò tíì ro ó débẹ̀ rí, èèyàn tó mọ ìwé tó yẹn.

Bí ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe ní ká tú ká nìyẹn. A jókòó sílẹ̀. Wọ́n yin tajútajú sí wa láàárín, ọyẹ́ sì dì í mọ́lẹ̀, kò lọ sókè. Àwọn ìyá àgbàlagbà ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri bí afọ́jú. Wọ́n fi kùmọ̀ fọ́ ọwọ́ mi òsì yìí, ẹ wò ó, kò nà tán mọ́. Nígbà tí ojú mi fi máa là, ọlọ́pàá kan ti da kẹrosíìnì sínú báàfù. Ó ṣáná sí i. Kò bínú, kò yára, ó ń ṣe é bí ẹni ń sun pàǹtí ilé rẹ̀. Risíìtì gbogbo ìlú jóná lójú wa, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé wa ohun tó ń jó yẹn.

Kò sẹ́ni tó ní risíìtì mọ́, onílé àtàlejò. Gáàdì sì tún dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìwòsàn dá páropáro. Bí mo bá ń rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, àmọ́ mò ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mátírónì ò sì lé mi. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé? Tíṣà Àgbà ni. Ìtọ̀ rẹ̀ dí. Ẹni tó bá ti rí ọkùnrin tí ìtọ̀ dí rí mọ̀ pé kò sí agídí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń dì í mú, ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Gáàdì wò ó, ó ní, "Sà, ẹ dákun, risíìtì." Àṣẹ ni wọ́n fún un, ó ń jíṣẹ́. Mo wo Tíṣà, Tíṣà wo ilẹ̀. Mo ní, "Ṣí i." Gáàdì ṣí i. Èmi ni mo fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún mi. Ó ń sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá ìrora ni, mi ò sì bi í.

Ara rẹ̀ yá tán, ó kó àwọn ìjòyè lẹ́yìn, wọ́n lọ sí Àkúrẹ́. Kò pẹ́, wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń jó, wọ́n ní a ṣẹ́gun. Mo ní, ẹ rọra o, kì í ṣe ariwo wa nìkan ló pa òfin yẹn, ìtọ̀ Tíṣà ló pa á tán. Mo ń ṣàwàdà ni, àmọ́ inú mi ò balẹ̀.

Inú Bàbá Sìdí dùn débi pé ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó ní ìlú tó torí ọmọ òun jẹ tajútajú, ibẹ̀ lòun máa ti san owó orí lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí àkókò tó, Ìyá Bọ́sẹ̀ àti Tíṣà Àgbà ló tẹ̀lé e lọ jẹ́rìí sí i. Tíṣà gbá a mọ́ra, ó ní, "O ti di ọmọ wa." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé pé baálé bínú, pé àwọn ò rí owó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fara mọ́ ọn, òun á wá bẹ̀ wọ́n nígbà Iléyá.

Ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sílé nígbà Iléyá lóòótọ́. Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, òtútù mú Sìdí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀. Irú òfin wa ti ràn dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Èyí tí a lé lọ níbí ni wọ́n gbé dìde lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kó mú risíìtì wá. Ó mú un jáde. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ti Oǹdó lèyí. Ó ní ilé bàbá òun kò jìnnà síbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n ránṣẹ́ sí baálé agboolé rẹ̀ kó wá jẹ́rìí. Baálé ní òun ò mọ̀ ọ́n lọ́dún yìí.

Ó gbé ọmọ wọ mọ́tò, ó ní ilé ìwòsàn wa lòun ń lọ. Ọ̀nà òkè ni, ẹrẹ̀, kọ́nà lórí kọ́nà, ìkúùkù. Mo wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n dé, ọ̀sán ni. Gáàdì ti rí wọn lókèèrè, ó ti ṣí géètì gbayawu, ó ń sáré bọ̀ láti bá a gbé ọmọ. Mo gba Sìdí. Ó ti tutù. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti tutù.

Bàbá rẹ̀ ò ké. Ó yọ risíìtì méjèèjì jáde lápò, ti ọdún àná àti ti ọdún náà, òjò ti fi wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ó nà wọ́n sí mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo san án nílé, mo san án níbí. Níbo ni kí n ti san án?"

Wọ́n sin ọmọ náà sẹ́yìn ilé Ìyá Bọ́sẹ̀. Kò pé ọdún lẹ́yìn náà tí owó káàdì dé, owó bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e, owó abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, fún onílé àtàlejò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlú ò lágbára mọ́ láti jáde. Ó ti rẹ̀ wá.

Bí ẹ bá bi mí pé kí la jèrè, mo mọ̀ ọ́n: àwọn èèyàn kan wà láàyè lónìí tí géètì yẹn ìbá pa. Kí la pàdánù, ẹ ti gbọ́ ọ. Òun ni mo ṣe ń kanra mọ́ yín nígbà tí àwọn kan nínú yín ní ká kọ́kọ́ gba ti ìpínlẹ̀ wa ná, pé àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, Ọ̀ṣun ti di ìpínlẹ̀, ààlà tún ti pọ̀ sí i. Àìsàn ò mọ ààlà. Owó orí tí a san sínú àpò kan, tí géètì ibòmíràn kò mọ̀, géètì la fi ń rà.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí Àbújá lọ bá wọn jiyàn, ìbéèrè Bàbá Sìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Ó ṣì wà láyé, ó ti darúgbó, ó ń jórin ní òpópónà ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá a lóhùn.